Àga tí Lucas Jó sí Ẹ̀yìn Tírélà

Bí èèyàn bá ń bọ̀ láti Erinje wọ Òkìtìpupa, kó tó dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, yóò rí ṣọ́ọ̀bù kan tí àlòkù irin kún iwájú rẹ̀. Lucas ajórin ló ni ín. Ọmọ Erinje ni. Ẹ̀gẹ́ àti ẹyìn ni àwọn òbí rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà, síbẹ̀ láti kékeré ló ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni tó bá gbé àdá lọ́wọ́. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ irin tán, ó kó ìwà náà wá sí ìgboro, ó sì ń pín in kárí fún gbogbo ènìyàn. Lójú tirẹ̀, ẹni tí irin bá ń bà lẹ́rù ló ń ṣe káfíńtà. Tísà, ẹni tó ń jẹun lórí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti sọ tán ni. Àwọn ọlọ́kadà ló wá burú jù. "Ọwọ́ ni èèyàn gidi fi ń ṣiṣẹ́," a máa wí fún Mildred ìyàwó rẹ̀, "ìdí ni àwọn yẹn fi ń ṣe tiwọn."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kì í gbé iṣẹ́ wá fún un. Géètì tí Lucas bá jó, ọmọ-ọmọ onílé ni yóò bá a níbẹ̀. Láti Àjàgbà ni wọ́n ti ń wá a wá nítorí wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, orúkọ yìí nìkan ló sì ní láyé. Kò kọ́lé, kò ra ọkọ̀, kò ní ọ̀rẹ́ kan gúnmọ́. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù: LUCAS. OHUN TÍ MO BÁ JÓ KÌ Í JÁ. Láràárọ̀, kó tó ṣílẹ̀kùn, yóò fi àkísà nu eruku ojú pátákó náà.

Lọ́dún kan tí òjò pọ̀ ni Olúyọmí wá bá a. Olúyọmí ni alága ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àdúgbò náà, ọkùnrin kan tó sanra lọ́rùn, tí kì í lọ síbi kankan láìjẹ́ pé ẹni méjì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, kódà bó jẹ́ ilé ìyàgbẹ́ ló ń lọ. Wàhálà tó gbé wá kì í ṣe irọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ọ̀kadà kó ẹyìn jáde láti àwọn oko ọ̀nà Àjàgbà, bí òjò bá sì ti rọ̀, àbàtà á gbé ọ̀kadà mì dé ìjókòó. Èyí tó bá kú sínú igbó, wọ́n á tì í, wọ́n á gbé e, wọ́n á bú ìyá ẹni tó ṣe é. Wọ́n fẹ́ tírélà kékeré kan tí wọn yóò máa so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́, tí yóò lè wọ igbó lọ kó ọ̀kadà mẹ́rin jáde, tí àyè yóò sì wà nínú rẹ̀ fún kẹ́ẹ̀gì epo pẹtiróòlù, táyà àti irinṣẹ́.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ Lucas nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú rẹ̀, ohun rere kò yẹ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fi irin onígun tó nípọn ṣe férémù. Ó wá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kan tó ti kú, tòun ti táyà àti sípíríǹgì rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ tírélà náà lè ga kọjá kùkùté. Ó jẹ́ kí ọrùn rẹ̀, irin tí wọn yóò fi so ó mọ́ ọkọ̀, gùn, kó lè máa ráyè yí láàárín igi ọ̀pẹ. Ó jó ojú ipa tí táyà ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan yóò wọ̀, ó jó òrùka tí wọn yóò fi okùn dè wọ́n mọ́. Àyè ẹrù tó wúwo jù, ó ṣe é síwájú ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ọrùn lè máa tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Bó ti ń jó o ló ń kọrin lábẹ́nú, ohun tí Mildred kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí férémù dìde tán, Olúyọmí wá wò ó pẹ̀lú àwọn méjì rẹ̀. Ó yí i po, ó fi bàtà ta táyà.

"Níbo lèmi máa jókòó sí?" ó bi Lucas.

"Nínú píkọ́ọ̀pù, Alága. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà."

"Ta ló máa rí mi níbẹ̀?"

Ó ní kí Lucas jó àga kan sórí tírélà náà, àga gíga, kí àwọn ará Àjàgbà lè mọ̀ pé alága ló ń bọ̀. Kò gbọ́dọ̀ wà níwájú, nítorí ẹrọ̀fọ̀ tí ọkọ̀ bá ta yóò ba aṣọ òun jẹ́, òun kò sì lè máa fa èéfín símú lójú àwọn tí òun ń ṣolórí fún. Ẹ̀yìn pátápátá ni kó wà, lókè téńté.

"Alága," ni Lucas wí, "bí ẹ̀yìn bá wúwo ju iwájú lọ, ọrùn á gbéra sókè, á sì gbé ìdí ọkọ̀ dání. Táyà ọkọ̀ ò ní rílẹ̀ tẹ̀ mọ́ nínú àbàtà."

Olúyọmí wo àwọn méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì bá a rẹ́rìn-ín. "Wẹ́dà ni ọ́," ó ní. "Mi ò bi ọ́ ní ìbéèrè. Ohun tí mo bá ní kí o jó ni kí o jó."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Lucas wọ egungun. Ẹni tó ń fi ìdí ṣiṣẹ́ ló ń bá òun sọ báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù òun, lábẹ́ pátákó òun. Ó kù díẹ̀ kó ní kí wọ́n máa kó irin wọn lọ. Ṣùgbọ́n bó ti lanu, èrò kan sọ sí i lọ́kàn, èrò náà sì dùn mọ́ ọn gan-an. "Ó ti yé mi, Alága," ó ní.

Láti ọjọ́ náà, ẹ ò rí ajórin tó gbọ́ràn tó Lucas. Ó fa ẹ̀yìn tírélà gùn kí àga lè ráyè. Ó jó àga ọ̀hún bí ìtẹ́, ó fi fóòmù sí i, ó kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ góòlù. Àyè kẹ́ẹ̀gì epo àti àpótí irinṣẹ́ tó ti wà níwájú, ó gé e kúrò, ó lọ jó o sábẹ́ àga, ó ní kí Alága lè máa fojú ara rẹ̀ ṣọ́ ẹrù ẹgbẹ́. Ẹsẹ̀ tírélà tí ì bá sún sẹ́yìn kí ìwúwo lè dọ́gba, kò fọwọ́ kàn án. Gbogbo ojú ibi tó jó ló mọ́ tónítóní, kò sì síbi tí yóò já. Olúyọmí rí àga náà, inú rẹ̀ dùn, ó sì kí Lucas kú iṣẹ́.

Mildred kò mọ irin jó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nídìí ẹni tó ń jó o. "Bàbá Dèjì," ó ní, "kí ló dé tí gbogbo ẹrù fi wà lẹ́yìn?"

"Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Ìwọ náà mọ̀ pé kò dáa."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí òun náà mọ̀."

"Orúkọ ta ló wà lára pátákó ìta yẹn?"

Lucas fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ayé ló gbọ́ nígbà tí Olúyọmí ní kí òun jó o bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ni yóò sì mọ òmùgọ̀ tó ń bẹ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin yìí. Ẹni tó ti ń pe odindi ìlú ní òpè láti ìgbà èwe ló wá gbọ́kàn lé e pé ìlú kan náà yóò ro ọ̀rọ̀ já fún òun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé tírélà náà wọ igbó, Lucas tí kì í gun ọ̀kadà gun ọ̀kadà tẹ̀lé wọn. Kò fẹ́ kí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún òun. Lójú títì, kò sóhun tó ṣe é. Olúyọmí jókòó sókè nínú aṣọ funfun àti fìlà, ó ń juwọ́ sí àwọn tó ń sá ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n kọjá Àjàgbà, wọ́n yà sínú oko ọ̀pẹ, wọ́n di ọ̀kadà mẹ́rin tó ti kú sórí rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo sì kún lábẹ́ àga. Olúyọmí tún gun orí ìtẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ojú àbàtà, àwọn kan bọ́ sẹ́yìn láti ti tírélà náà, ṣùgbọ́n ìdí píkọ́ọ̀pù gbéra nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, táyà rẹ̀ ń yí lórí omi lásán. Ọrùn tírélà náà nà sókè. Ó rọra fi ìdí jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀, ó sì da Alága síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀rín pa àwọn ọlọ́kadà débi pé àwọn kan di igi ọ̀pẹ mú. Ẹ̀rín Lucas ló ròkè jù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dá a lójú pé òun kò tíì rí ọjọ́ tó dára tó báyìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun.

Olúyọmí dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbọ́n ẹrẹ̀ kúrò lójú, ó wo tírélà, ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ẹ wo ohun tí Lucas ṣe fún wa," ó ní.

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Wọ́n yíjú sí Lucas.

"Òun ló ní kí n jó o bẹ́ẹ̀," ni Lucas wí. "Gbogbo yín ló mọ̀."

Ọ̀kan nínú wọn, Adéwùmí, tí ọ̀kadà rẹ̀ wà nínú àwọn mẹ́rin tó ti rì sẹ́rẹ̀, ló bi í léèrè. "Ìwọ tó o jó o, o ò mọ̀ pé á ṣubú ni?"

Bí Lucas bá ní òun kò mọ̀, a jẹ́ pé kò mọṣẹ́. Bó bá ní òun mọ̀, a jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n wéwu, nítorí àwọn kan nínú wọn ló wà lẹ́yìn tí wọ́n ń ti tírélà náà, epo sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ẹni tó ṣubú. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sí Àjàgbà nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e.

Kò pẹ́ tí ìlú fi dárí ji Olúyọmí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà kiri níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìdúpẹ́, ó ń fi ara ṣàpèjúwe bí òun ṣe rì, àwọn èèyàn ń yìn ín pé ó láwàdà. Wọ́n tún fi í ṣe alága. Lucas ni wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìkòkò tó dànù, wọ́n á ní ó ti ṣe Lucas. Bí wọ́n bá ran aṣọ tí kò wọ ẹni tó ni ín, iṣẹ́ Lucas ni. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí Mildred ń lọ, nígbà tí igi ìpàgọ́ wó níbi ìkórè, àwọn ọmọdé ké orúkọ ọkọ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ lórí ìdúró. Kò sọ ọ́ nílé. Lucas ti gbọ́ tirẹ̀ lójú pópó.

Obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù náà láti ìhà Irele, Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò jó irin tí òun yóò gbé táńkì omi lé. Inú Lucas dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti dé gbẹ̀yìn. Ó gbé àga fún un. Obìnrin náà ṣàlàyé bó ṣe fẹ́ kó ga tó, àti pé inú ọgbà tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré ló máa wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é dáadáa," ó ní. "Kó má lọ ṣe Lucas lé àwọn ọmọ mi lórí."

"Ta ni Lucas?" ni Lucas bi í.

"Èmi ò mọ̀ bóyá èèyàn ni. Bí a ṣe ń pe iṣẹ́ tí kò dáa lọ́dọ̀ wa nìyẹn." Ó mú fóònù rẹ̀ jáde kó lè gba nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni kí n kọ pé ẹ ń jẹ́?"

Mildred wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń bó ẹ̀gúsí, ó tẹjú mọ́ inú àwo rẹ̀. Pátákó ìta ti kúrò níta. Lucas ti gbé e wọlé, ó ní òun fẹ́ tún un kùn, ó sì ti fi í kọjú sógiri láti ìgbà náà.

"Philemon," ni Lucas wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá ṣọ́ọ̀kì rẹ̀.