Ẹja Odò Tí Mo Wá Kiri Ifẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, a kì í wá ẹja odò lọ sí ibì kankan. Òun ló ń wá wa wálé. Bàbá wa á ti dẹ ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń mú ẹja, sínú odò ẹ̀yìn oko ní ìrọ̀lẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á sáré lọ gbé e. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ bí inú wa ṣe máa ń dùn tó tí a bá gbọ́ tí ẹja ń jà nínú ẹ̀! Àrọ̀ dúdú ni, ara ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí ẹ̀ ńlá. Ata, epo àti ewé efinrin nìkan ni ìyá wa fi ń sè é, á sì máa ta sánsán dé ìta.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ṣàìsàn láìpẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, wọn ò jẹun mọ́. A gbé ògì wá, wọ́n gbójú kúrò. A gbé ìrẹsì wá, bákan náà ni. Wọ́n ń rù, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an, torí nínú gbogbo ilé wa, àwa méjèèjì ló kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní: "Àbúrò, bí mo bá rí ẹja odò, n ó jẹun."

Ha! Mo ti wọ bàtà kí wọ́n tó pa ẹnu dé.

Ẹja yìnyín ni wọ́n gbé fún mi nílé oúnjẹ tí mo kọ́kọ́ yà sí ní Lágere. Nítòsí Sábó, wọ́n kó ẹja sínú omi, wọ́n ní kí n nawọ́ sí èyí tó wù mí. Gbogbo wọn ló sanra, tí ikùn wọn yọ síta. Ẹja tí wọ́n ń sìn nínú kòtò ni. Mo ní ti odò ni mo fẹ́.

Ọmọbìnrin tó ń tà á ní, "Bàbá, ṣebí ẹja náà lẹja?"

Inú bí mi, mo jáde.

Ẹja kòtò náà ni wọ́n ń bù fún èèyàn ní búkà kan lẹ́bàá Ẹnuwá. Mo ti ń yí padà nígbà tí òórùn kan gbá mi nímú láti ẹ̀yìnkùlé. N kò mọ ìgbà tí mo dé ìdí ààrò! Mo ṣí ìkòkò kékeré kan: àrọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí ńlá! Mo pariwo. Ìyá oníbúkà sáré tọ̀ mí wá.

"Ẹ má bínú, bàbá, èyí kì í ṣe títà. Oúnjẹ ọ̀sán tèmi ni. Ẹnì kan ló ń bá mi mú un wá láti oko. Àwọn oníbàárà ò fẹ́ ẹ, wọ́n ní kò lọ́ràá."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún un. Ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi.

"Láti ìgbà wo ni wọn ò ti jẹun?"

Kí n tó dáhùn, ó ti fa kúlà kan yọ, ó da gbogbo ọbẹ̀ náà sí i, kò ṣẹ́ ìrù kankan kù fún ara ẹ̀. "Ẹ tètè máa lọ, kó má baà tutù. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà."

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́! Wọ́n jẹ ẹ́ kan egungun, wọ́n mu omi ọbẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú wọn, omijé ń bọ́ lójú tèmi. Wọ́n wá gbójú sókè: "Ta ló se èyí? Iyọ̀ ẹ̀ ò tó." Inú mi dùn débi pé mo jó nínú yàrá.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí gbogbo ilé ń jẹ nígbà tiwa ti di ohun tí oníbúkà ń sè pamọ́ fún ara ẹ̀, ẹja sísanra ló kù fún oníbàárà. N kò bínú sí i. Èèyàn ti pọ̀, odò kan ò lè tó gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní àfi kí n mú wọn dé búkà náà lónìí, kí wọ́n lè fi bí èèyàn ṣe ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ẹja han obìnrin yẹn. Wọ́n ti múra. Àwọn ni wọ́n ń pariwo orúkọ mi lẹ́nu ọ̀nà yẹn.