Ìdánwò tí Mo Ṣe fún Fóònù Kékeré

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo lọ ra fóònù ní Fájuyì. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dì mú nídìí iṣẹ́ tíṣà ti sọ àtàǹpàkò mi di aláìlágbára, fóònù ńlá tí mo ní sì já bọ́ lọ́wọ́ mi títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Kékeré tí ọwọ́ lè ká ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríran dáadáa, nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń dá gbé ní Ìkẹ́rẹ́. Etí rẹ̀ ti di. Ètè mi ló máa ń wò lórí fídíò kó tó mọ ohun tí mò ń sọ. Kò mọ̀wé kà. Oko ló ń ro kí èmi lè lọ sílé ìwé.

Ọkùnrin tó ń ta fóònù gbé méjì kalẹ̀, kékeré kan, ńlá kan.

"Màmá, kékeré yìí dára, ṣùgbọ́n kámẹ́rà iwájú rẹ̀ kò tó ti ńlá."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé èyí tó wọ́n jù ni ọlọ́jà máa ń yìn? Mo ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n ṣe ìdánwò fún un. Fi fóònù tìrẹ pe kékeré yìí lórí fídíò, lọ dúró lẹ́bàá títì, kí o sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ohùn jáde."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ fóònù ńlá tirẹ̀ lápò, ó lọ. Mo rí ètè rẹ̀ kedere lórí fóònù kékeré náà: "Màmá, oòrùn ń pa mí o."

"O ò rí i?" ni mo wí nígbà tó padà. "O fẹ́ parọ́ fún tíṣà."

"Ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀, ma." Mo rò pé àṣírí rẹ̀ ló tú, mo sì sanwó kékeré.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó tẹjú mọ́ mi, ó sún mọ́ fóònù.

"Ojú rẹ nìyí àbí ìdí ìkòkò? Ẹnu rẹ dà?"

Mo sún mọ́ iná. Kò rí i. Mo kígbe, bí ẹni pé igbe ni etí rẹ̀ ń dúró dè. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lò ń fi pamọ́ fún mi? Àbí ẹnu rẹ ti wọ́ ni? Àìsàn ló kọlù ọ́!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Inú mọ́tò ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Kámẹ́rà fóònù ńlá tí ọkùnrin yẹn ń lò ló ya ojú rẹ̀; kékeré kàn gbé e hàn mí ni. Ọmọ kan ló ṣe ìdánwò, òmíràn ni mo fún ní máàkì. Àwòrán tèmi tí kékeré ń yà wà ní igun, kò ju èékánná lọ, n kò tilẹ̀ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ́ ètè mi wò, lápá ọ̀tún, lápá òsì, kó tó gbà pé ara mi le.

Mo padà sí Fájuyì lọ gba ńlá. "Tíṣà féèlì lónìí," ni ọkùnrin náà wí, ó sì bá mi pààrọ̀ rẹ̀. N kì í gbé e lọ́wọ́. Agolo mílíìkì ni mo fi ń tì í lẹ́yìn lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi sì ń rí ètè mi kedere.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ọlọ́jà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ àléébù ọjà rẹ̀, ẹ fetí sí i kí ẹ tó fura sí i.