Àgádágodo Ọ̀gá Káfíńtà

Aṣọ rírán ló ń bọ́ Ìyá Aránṣọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ní Ọlọ́run fi rán òun ni kí òun máa bá àwọn tó jáde lẹ́wọ̀n wáṣẹ́. Nínú àwọn tó ń bẹ̀ pé kí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́, àwọn kan á ní àwọn á pè é. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ rọra fa báàgì wọn mọ́ra, wọ́n á wá ní, “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Mọ́mì.” Á tún gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ.

Nígbà tí Ọ̀gá Káfíńtà, alàgbà kan nínú ìjọ rẹ̀, wá dìde lójú gbogbo èèyàn, tó ní òun á gba Agùntáṣọọ́lò síṣẹ́, ọkùnrin gíga kan tó kọ́ṣẹ́ igi lẹ́wọ̀n, Ìyá Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Káfíńtà tẹríba bí ẹni tí ìyẹ́ áńgẹ́lì fẹ́ hù lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Aránṣọ ní kí òun yà wo Agùntáṣọọ́lò níbi iṣẹ́. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fẹ́ padà kó tó gbọ́ ìró ayùn nínú ilé. Ó yọjú lójú fèrèsé onírin.

“Agùntáṣọọ́lò! Ta ló tì ọ́ mọ́lé?”

“Ọ̀gá ni, Mà. Wọ́n lọ jẹun. Bá a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn.”

“O ò sì pariwo?”

“Ariwo kẹ̀? Ó ti mọ́ mi lára, Mà. Wọ́n tiẹ̀ máa ń tètè dé ju wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ.” Ó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Aránṣọ di irin fèrèsé mú. Ibi tó dúró sí náà ni Ọ̀gá Káfíńtà bá a, tòun ti igi ìtayín lẹ́nu.

“Alàgbà, tí iná bá ṣẹ́ yọ láàárín gbogbo igi yìí ńkọ́?”

“Ọlọ́run ò ní jẹ́, Mọ́mì. Irinṣẹ́ olówó ńlá ló wà níbẹ̀. Ẹ gba tèmi náà rò.”

“Mo ti rò ó. Ọ̀rọ̀ náà ń rùn.”

Ọ̀gá Káfíńtà fi ìbínú ṣílẹ̀kùn. “Àánú ni mo ṣe é o! Tó bá jáde lásìkò iṣẹ́, kó má padà wá mọ́.”

Agùntáṣọọ́lò rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró gbagidi, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́dà fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò, ó ń wojú ọ̀gá rẹ̀ pé kó ní kí òun kọjá. Ìyá Aránṣọ nawọ́ sí i. Ó fẹ́ fà á jáde. Ó tún ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Bí òun náà bá tún pàṣẹ fún un, kí wá ni ìyàtọ̀?

“Mi ò ní parọ́ fún ọ,” ló sọ. “Mi ò mọ ibòmíì tí wọ́n ti máa gbà ọ́.”

Agùntáṣọọ́lò bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a sórí àga. “Ẹ ṣé, Sà.” Ó jáde.

Nígbà tí òun àti Ìyá Aránṣọ rìn díẹ̀, ó béèrè pé, “Níbo là ń lọ, Mà?”

“Ìwọ ni mò ń tẹ̀ lé.”

Ó dúró pẹ́ ní oríta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá yà síbi tí òórùn oúnjẹ ti ń bọ̀.