Ewé Kókò Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo ṣì kéré ní Williamsville, nílùú òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa ni kókò ń hù sí, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Bí a bá fọ abọ́ tán, àwa ọmọdé á da omi díẹ̀ sórí ewé, á máa yí gbirigbiri bí ìlẹ̀kẹ̀, a ó sì máa dà á láti ewé dé ewé. Ẹni tí tirẹ̀ bá já sílẹ̀ á gba ìkó mẹ́ta lórí. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù, ẹ má bá mi jiyàn.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta obì ní ọjà Adjamé, kì í fi ewé yìí ṣeré. Obì tó bá kù lójà, inú rẹ̀ ló ń wé e sí. Bí òjò bá dé, òun náà ni agbòjò wa. "Ẹ má fọwọ́ ra àtíkè ara rẹ̀ o," ló máa ń wí. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò bi í ní ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa kó ìwé ìdánwò wa lọ pé, extrait mi, ìyẹn ìwé ọjọ́ ìbí, nìkan ló kù. Òjò ṣú. Ìyá àgbà ní kí n já ewé kókò wé e, ó sì wọlé lọ kírun. Eruku kún ara ewé náà, mètírẹ̀sì, olùkọ́ wa obìnrin, sì ti kọ́ wa pé ọṣẹ la fi ń lé ìdọ̀tí. Èmi ọ̀mọ̀wé! Mo mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, mo fọ ewé náà títí ó fi ń dán.

Kí n tó dé ilé ìwé, òjò dé. Omi ò yí mọ́. Ńṣe ló tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ewé, ó sì wọ inú ìwé lọ. Orúkọ mi di àbàwọ́n búlúù. Mètírẹ̀sì gbé e sókè: "C'est qui, ça?" Ta nìyí? Ó ní bí òmíràn ò bá dé kó tó di midi, ìyẹn aago méjìlá ọ̀sán, mi ò ní ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn.

Mo sunkún délé. Ìyá àgbà fọwọ́ kan ewé náà, ó ní, "Áà! Ta ló bọ́ ẹ̀wù lára ewé yìí?" Ó fa etí mi, ó sì mú mi lọ sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ ìwé ọjọ́ ìbí. Faransé rẹ̀ ò ju "bonjour" lọ. Akọ̀wé ní ká padà wá lọ́la. Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó fi Jùlá, èdè tí wọ́n ń ná ọjà, sọ fún un pé òun ò níbi tí òun ń lọ. Kí midi tó lù, ìwé tuntun ti wà lọ́wọ́ wa. Ìdánwò náà, mo yege. Ìyà náà, mo jẹ ẹ́: mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè títí apá mi fi kú.

Lónìí, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ òjò ní Yopougon ni mo wà, nítorí náà ẹ gbà mí gbọ́: ojú ewé kókò ní ṣóńṣó wẹ́wẹ́ tí ojú wa ò rí, ìda sì bò wọ́n, ni omi ò fi ríbi dì mú. Ìda yẹn ni mo fi kànrìnkàn bó kúrò.

Nísinsìnyí, inú fóònù ni ìwé àwọn ọmọ wa wà, òjò ò mọ ibẹ̀. Ó dáa ju tiwa lọ, mi ò ní purọ́. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ kú láìní extrait kankan. Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin, mo sọ ọ́ ní Sáfúrátù, orúkọ ìyá àgbà gan-an. Mo sì dúró ti akọ̀wé ní mairie títí tó fi tẹ orúkọ náà sínú extrait rẹ̀ tán, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.