Ọdún Méjìlá Láìsí Ìwé Ìgbanisíṣẹ́

Lọ́dún 1974 ni Rẹ̀mí Àlàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títẹ̀wé ní ọ́fíìsì Lọ́yà Olúdáre, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Enugu Road, nílùú Kánò. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, Kánò náà ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Haúsá ju Lọ́yà lọ. Nítorí náà, òun ló ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn oníbàárà, òun ló ń gbé ìwé lọ sí kóòtù, òun náà ló ń gbálẹ̀ bí ẹni tó ń gbálẹ̀ kò bá wá.

Nígbà tó béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́, Lọ́yà rẹ́rìn-ín.

“Sista Rẹ̀mí, èmi àtìwọ tá a jọ ń kọrin nínú kúáyà, ṣé a ó wá máa kọ̀wé síra wa ni?”

Ojú tì í. Kò béèrè mọ́.

Ohun tó sọ Lọ́yà di olókìkí ni pé ó ń gbèjà àwọn tí iléeṣẹ́ lé dànù. Àwọn tó ń ru àpò ẹ̀pà, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ, gbogbo wọn ló ń gun àtẹ̀gùn yẹn wá. Rẹ̀mí ló ń tẹ lẹ́tà wọn, ó sì ti mọ̀ ọ́n sórí: ẹ kò lè lé ènìyàn láìfún un ní ìkìlọ̀; ẹ san ẹ̀tọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Owó oṣù tirẹ̀ kò kúrò lójú kan láti 1979. Nígbà mìíràn, ìdajì ni Lọ́yà á fún un, á ní kó ṣe sùúrù.

Ní 1986, ẹ̀yìn Rẹ̀mí daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù. Nígbà tó padà dé, Florence, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó Lọ́yà, ló bá lórí àga rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Sista! A dúpẹ́ fún àlàáfíà o. Máa sinmi nílé ná.”

“Títí dìgbà wo, sà?”

Lọ́yà tẹjú mọ́ fáìlì iwájú rẹ̀. “Florence ń gbìyànjú,” ló fi dá a lóhùn.

Rẹ̀mí lọ bá lọ́yà mìíràn ní Nassarawa GRA. Ìyẹn gbọ́ ọ tán, ó ní:

“Màdáámù, ẹjọ́ yín dára. Ṣùgbọ́n lọ́la, èmi àti Olúdáre á tún pàdé ní kóòtù. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín dà?”

Rẹ̀mí gbé àpò rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Rahinat, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Gwagwarwa, yá a ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ti gbó. Rẹ̀mí tẹ lẹ́tà tara rẹ̀ sí Lọ́yà Olúdáre pé kó san ẹ̀tọ́ òun, ojú ewé kan péré, kò bẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Èsì dé lọ́jọ́ kẹta. Lọ́yà ní òun kò gba ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ rí; arábìnrin kan nínú ìjọ òun kàn máa ń wá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń fún un lówó ọkọ̀. Rẹ̀mí kà á lẹ́ẹ̀mejì. Irú èsì tí àwọn iléeṣẹ́ máa ń kọ sí Lọ́yà nìyẹn, tí Lọ́yà á gbá tábìlì, á ní: “Aláìnítìjú gbogbo!”

“Mama, mu kai ƙara,” ni Wùnmí ọmọ Rẹ̀mí wí ní Haúsá, pé kí wọ́n pe Lọ́yà lẹ́jọ́.

“Ta ni yóò bá wa gbé e?”

Kò sẹ́ni tó bá wọn gbé e. Rẹ̀mí fi kúáyà sílẹ̀, ó sì fi ìjọ náà sílẹ̀, nítorí kò lè máa wo ìpàkọ́ Lọ́yà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Rahinat ló jókòó sí, tó ń tẹ ìwé ìwáṣẹ́ fáwọn ènìyàn. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún náà kò sàn.

Lọ́dún 1989, ìjọ fi Lọ́yà joyè nítorí bó ṣe ń ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí Rẹ̀mí. Ó kà á, ó rí àṣìṣe ìtẹ̀wé mẹ́ta níbẹ̀, ó fà á ya.