Eyín Orí Pátákó

Kò sí ọmọ àdúgbò tí kò mọ Bàbá Súìtì. Òun ló ń wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe súìtì, tó sì ní ẹ̀ka káàkiri àgbáyé. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé súìtì ti kó gbogbo eyín iwájú rẹ̀ lọ, kò sì ráhùn.

Nígbà tó yá, súìtì nìkan ò tó àwọn ọ̀gá mọ́. Wọ́n ra ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ìfófòó ọṣẹ ò tíì lọ lẹ́nu wọn tí wọ́n tún fi ra ilé ìwòsàn eyín. Ẹnu tó ń dùn, tiwọn ni. Ẹnu tó ń ro ẹni tó ni ín, tiwọn náà ni.

"Bàbá wọn," ìyàwó rẹ̀ ní, "ó ku kí wọ́n ra itẹ́ òkú."

"Rọra sọ̀rọ̀, kí wọ́n má lọ gbọ́!"

Láàárọ̀, Bàbá Súìtì á já súìtì sí ṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Lọ́sàn-án, á gbé ẹ̀wù funfun tí ilé ìwòsàn eyín fún un wọ̀, á wọ inú ilé ìwé náà lọ kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé ṣúgà ń ba eyín jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ gbé súìtì wá láàárọ̀?"

Bàbá Súìtì wá irọ́ tì.

"Èmi náà ni, mà. Ọwọ́ tó ba eyín jẹ́ náà ló ń tún un ṣe."

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́ dé etí máníjà, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè é. Ó ti kó aṣọ ìnujú rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó ti dágbére fún ọlọ́dẹ, kó tó wọlé. Máníjà dìde, ó dì mọ́ ọn.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ìpolówó tá a ti ń wá kiri nìyẹn!"

Kò pẹ́ tí àwòrán rẹ̀ fi gorí pátákó ìpolówó ní títì, tó ń rẹ́rìn-ín, tí eyín kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró lábẹ́ ẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni."

Ó wo pátákó, ó wo ọkọ rẹ̀. "Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi eyín yẹn sí ẹnu yín?"

Bàbá Súìtì gbé ìbéèrè náà lọ bá máníjà. Máníjà ní ẹ̀ka ìpolówó ló ni eyín orí pátákó. Eyín inú ẹnu, ẹ̀ka mìíràn ni, kó lọ tò sórí ìlà ní ilé ìwòsàn bíi gbogbo oníbàárà.

Bàbá Súìtì dúpẹ́, ó sì lọ tò.