Káàdì Tí Kò Bá Ẹ̀rọ Bàbá Mi Mu

Òórùn lẹ́ẹ̀dì gbígbóná, irin yíyọ́ tí a fi ń jó waya pọ̀, ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí wọ́n bá dárúkọ ìgbà tí ìjọba ti bọ́dà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo wà n'Ílaròó nígbà náà, mo sì gbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi ní gbogbo ilẹ̀ Yewa.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì l'Áyétòrò, ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Inú rẹ̀ ni bàbá mi ti ń kó ọ̀rọ̀ àdúgbò wa sí fún ogún ọdún, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà Ìjoun àti Ìdógò tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ mọ́. Ojú bàbá mi ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n fẹ́ kí n to àwọn ọ̀rọ̀ náà ní a, b, d, kí n sì tẹ̀ wọ́n sórí ìwé nígbà tí àwọn ṣì lè rí i kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà falẹ̀ ju ìgbín lọ. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, kò ní tíì to ọ̀rọ̀ dé ìdajì tí iná á fi lọ, gbogbo iṣẹ́ á sì dòfo. Bẹntiróòlù tí à bá fi tan jẹnẹrétọ̀ ti di góòlù lágbègbè bọ́dà, kò sì sí kọ̀ǹpútà tuntun tó lè ka díìsì rẹ̀.

Káàdì kan wà tí wọ́n máa ń kì bọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kó lè yára. A rí ọ̀kan rà ní Kútọnù, àmọ́ àwọn ṣọ́jà dá ẹni tó ń gbé e bọ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe wá fún mi ní èyí tí wọ́n ṣe fún oríṣi kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ní, "Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ."

Mo gbé e lọ han olùkọ́ mi. Kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ káàdì yìí kò bá ihò ẹ̀rọ yín mu. Sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n ju pàǹtí yẹn nù."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, sà."

Ojú gbogbo kíláàsì ni mo ti sọ ọ́, mo sì mú káàdì mi jáde.

Mo ya àwòrán gbogbo ẹsẹ̀ káàdì náà sínú ìwé, mo fi mítà tí a fi ń wọn iná wá iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì jó waya tín-ín-rín mọ́ wọn, láti inú káàdì dé inú ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, èéfín sọ. Ìyá mi pariwo pé, "Ṣé o fẹ́ jó ilé mọ́ wa lórí ni?" Mo dá káàdì lẹ́bi, mo dá ooru lẹ́bi. Bàbá mi kàn béèrè pé, "Apá ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹsẹ̀ rẹ̀?" Ojú tì mí. Apá òsì ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n ti apá ọ̀tún kà á. Ọpẹ́lọpẹ́ fíúsì tó tètè jó.

Mo tú gbogbo waya náà, mo tún wọn jó. A tàn án lẹ́yìn ìrun àìlà. Alàásàrì kò tíì tó tí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn fi jáde. Bàbá mi fi ojú sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ka ọ̀rọ̀ kan tí ìyá wọn máa ń sọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí a tẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé tán, mo gbé ìwé náà lọ sórí tábìlì olùkọ́ mi. Ó ṣí i títí.

"Ta ló bá ọ ṣe é?"

"Èmi ni mo ṣe é, sà."

Mi ò dúró gbọ́ ìyìn.

Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé olùkọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú; ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló fi kọ́ wa. Àwọn kan ṣì ń sọ pé ó yẹ kí n ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún bí mo ṣe dá a lóhùn lójú kíláàsì. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Mi ò tíì rí ohun tí màá sọ pé mo ṣẹ̀.